Kí Lẹ Máa Ń Ṣe Tẹ́ Ẹ Bá Jí?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi aláìsàn nìyẹn, kí n tó fọwọ́ kan apá rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ àgbà, mo ti kúnlẹ̀ kí wọn, mo ti fa àga sún mọ́ ibùsùn, n óò wá ní, "Mà, kí àìsàn yìí tó dé, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀?" Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ wojú ọmọ wọn, bí ẹni pé kí ló kan nọ́ọ̀sì yìí nínú ìyẹn. Gbogbo obìnrin tó bá ti wọ aṣọ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn kì í fẹ́ dákẹ́ mọ́. Ọ̀kan á ní òun máa ń ṣe àlùwàlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kan á ní aago márùn-ún ti máa ń bá òun lójú ọ̀nà ọjà. Ọ̀kan á ní òun kàn máa ń jókòó síwájú ilé ni, kí òun máa kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí inú ìdáhùn yẹn ni mo ti máa ń mú ìtọ́jú jáde.

OT ni mí. Orúkọ tó gùn tó wà lára ìwé-ẹ̀rí mi ni occupational therapist, ṣùgbọ́n OT la máa ń pe ara wa. Bí àrùn rọpárọsẹ̀, ìjàǹbá ọkọ̀, àìsàn ọpọlọ tàbí ohun tí wọ́n bí mọ́ ọmọ kò bá jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ohun tó yẹ kó máa ṣe lójúmọ́, àwa la máa ń bá a wá ọ̀nà tí yóò tún fi ṣe é: kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kó dáná, kó tajà, kó kàwé, kó ṣeré. Ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń pa wá pọ̀ mọ́ àwọn físíò. Kò burú, ọ̀rẹ́ ni wá, aláìsàn kan náà la sì jọ ń tọ́jú. Físíò á mú kí ẹsẹ̀ lágbára, kí ènìyàn lè dìde, kó rìn. Èmi á béèrè pé níbo lẹ fẹ́ rìn lọ, kí lẹ sì fẹ́ ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ yìí, ọdún márùn-ún gbáko. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa, iṣẹ́ dókítà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka yìí ni wọ́n fún mi, n kò sì kọ́kọ́ fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Ohun méjì ló wá so mí mọ́ ọn. Èkíní ni ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa nípa ẹ̀yà ara, olùkọ́ wa tú ọwọ́ òkú kan palẹ̀ níwájú wa, wọ́n ń fi eegun 27 tó wà nínú ọwọ́ kan ṣoṣo hàn wá, àti àwọn iṣan tó ti apá sọ̀ kalẹ̀ wá fa ìka. Wọ́n ní kí kálukú wa mú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, kó dè é, kó tú u, kó sì máa wo ohun tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń ṣe. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ náà níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wo ẹni tó ń wọ ẹ̀wù kí n má tẹjú mọ́ ìka rẹ̀.

Èkejì ni Àrò, l'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n rán wa lọ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ orúkọ Àrò láti kékeré, wọ́n fi ń bú èèyàn ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe níbẹ̀ láti 1954. Dípò kí wọ́n ti gbogbo aláìsàn mọ́ wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan sì bá kálukú wá. Wọ́n á lọ gba oògùn àti ìtọ́jú, wọ́n á padà wá bá ará abúlé lọ sóko. Lambo padà di igbákejì ọ̀gá àgbà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ OT sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1917, àti pé George Barton, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ayàwòrán ilé ni, àìsàn bá a fínra títí apá òsì ara rẹ̀ fi rọ, ó sì fi iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ igi gbé ara rẹ̀ dìde. Ìtàn tó wú mi lórí ni. Ṣùgbọ́n ti Àrò ló wọ̀ mí lára jù, nítorí mo mọ irú àwọn ará abúlé yẹn. Mo mọ ohun tó jẹ́ nílẹ̀ wa pé kí wọ́n gbé ọkọ́ lé ẹni tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní wèrè lọ́wọ́, kí wọ́n sì retí pé yóò kọ ebè tirẹ̀ tán. Títí dòní, ẹnikẹ́ni tí mo bá ń tọ́jú, mo máa ń wá iṣẹ́ kan fún un tí ẹlòmíràn yóò máa retí lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe pé kó máa bá wọn ṣá ẹ̀fọ́.

Ìfẹ́ ẹbí ló máa ń dí mi lọ́wọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè dun ẹlòmíràn. Kí màmá dùbúlẹ̀ àìsàn nílé Yorùbá, gbogbo ilé á sáré jọ. Ọmọ kan ń wẹ̀ wọ́n, ìyàwó ilé ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ọmọ-ọmọ ń to ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá di ṣíbí mú fúnra wọn, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." N kò lè ja òwe yẹn níyàn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ bà jẹ́ kò lè kọ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń bá a ṣe. Yálà ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan níbẹ̀ mọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú rẹ̀, apá yẹn ti kú. Èyí tó kù lè kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí èyí tó kú ń ṣe, àmọ́ àṣetúnṣe ló fi ń kọ́ ọ, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni ara máa ń yára padà jù. Oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ni ẹbí fi ń bá a ṣe gbogbo nǹkan tán. Ọ̀nà kì í dí pa lẹ́yìn rẹ̀ o; mo ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀síwájú lẹ́yìn ọdún kan. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló rọrùn jù.

N kì í sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ìyá wọn sílẹ̀, wọn kò ní gbà, wọ́n á sì rí mi bí ọ̀dájú. Iṣẹ́ mìíràn ni mo máa ń gbé fún wọn. Mo máa ń ní, "Ẹ dúró tì wọ́n. Tí nǹkan bá fẹ́ ṣòro fún wọn, ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún nínú yín, kẹ́ ẹ tó na ọwọ́." Kíkà dé ogún yẹn, ó máa ń ni àwọn ọmọ lára ju ìyá lọ.

Màmá kan wà tí wọ́n ń ta ata àti tòmátò lọ́jà Bódìjà. Apá ọ̀tún wọn ló rọ. Mo ti múra àtibẹ̀rẹ̀ láti orí jíjẹun, màmá ní àwọn kò ro ti oúnjẹ: "Ìró mi ni kí n lè ró." Àna wọn ọkùnrin máa ń yà kí wọn láràárọ̀, ojú sì ń ti màmá pé ọmọ ní láti máa bá àwọn ró ìró bíi ti ọmọdé. Ẹ wo ìró ríró dáadáa, ọwọ́ méjì ló gbà: ọ̀kan di etí aṣọ kan mú, èkejì ń fa aṣọ yí ìbàdí ká, wọ́n á wá pàdé, wọ́n á kì í bọ ẹ̀gbẹ́. Ohun tá a ṣe nìyí. Màmá jókòó sétí ibùsùn, a ti tẹ́ ìró sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó lé e. Wọ́n fi ọwọ́ òsì fa etí ọ̀tún wá síwájú, wọ́n fi apá tó rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn kó má baà sá, wọ́n wá fa etí òsì gba orí rẹ̀ kọjá. A ti rán rọ́bà sí òkè aṣọ náà kó lè dì mọ́ wọn lára tí wọ́n bá dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá dá a ró, ó wọ́, ó sì ga lápá kan. Ọmọ wọn obìnrin ti ń na ọwọ́ láti tún un ṣe, mo sì di ọwọ́ ọmọ náà mú. Màmá wo ara wọn látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn ìró ló kan owó. Àwọn ọmọ ló ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, màmá kò sì mọ iye tó ń wọlé mọ́. Owó náírà gidi la fi kọ́ ọ, nítorí bébà lásán kì í rí bí owó lọ́wọ́: wọ́n á fi ọwọ́ tó rọ tẹ ìdì owó mọ́ tábìlì, wọ́n á fi àtàǹpàkò òsì ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà sí ìsọ̀, wọn kò lè gbé apẹ̀rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ló ń gbé e. Màmá ń jókòó, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń ka owó. Lójú tèmi, màmá ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ̀n kan wà tí gbogbo wa ń lò nílé ìwòsàn, Barthel Index, tó ti jáde láti 1965. Nǹkan mẹ́wàá ló ń yẹ̀ wò, bíi jíjẹun, wíwẹ̀, lílọ sí ilé ìgbẹ́, gígun àtẹ̀gùn, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100. Ó wúlò, mo ń lò ó. Àmọ́ ènìyàn lè gba 100 níbẹ̀ kó má lè se ọbẹ̀, kó má lè dá wọ mọ́tò lọ sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èyí tí àwọn OT ilẹ̀ Kánádà gbé jáde, tí wọ́n ń pè ní COPM. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa dárúkọ ohun tó ká a lára, yóò wá fún ara rẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 10, lórí bó ṣe ń ṣe é àti lórí bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sí ibi tí Barthel ti béèrè nípa ojú tó ń ti ènìyàn lójú àna.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ ní ìyà méjì láti jẹ. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. A kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi jẹun láwùjọ, a kì í fi kí èèyàn. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní kí a yára kọ́ aláìsàn láti máa lo ọwọ́ tó kù. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ Ìbàdàn. Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní fi òsì jẹ àmàlà, wọ́n sì ń rù. N kò bá bàbá jiyàn lórí àṣà, torí àṣà tèmi náà ni. A fẹnu kò pé tó bá kù wọ́n nìkan pẹ̀lú ìyàwó wọn nínú yàrá, òsì á máa fi ṣíbí jẹun. Ọwọ́ ọ̀tún kò sì gbọ́dọ̀ sọnù sábẹ́ tábìlì, orí tábìlì ló máa wà, òun ló máa di etí àwo mú. A tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kó má baà máa yọ̀. A wé fóòmù mọ́ ọwọ́ ṣíbí kan kó lè nípọn, kí ìka ọ̀tún lè máa kọ́ bó ṣe máa dì í mú, kódà bó jẹ́ òkèlè tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n máa fi í jẹ. Ọ̀rọ̀ ìkíni ló wá kù. Bàbá ti dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ìdílé nítorí pé wọn kò fẹ́ na ọwọ́ òsì sí ẹnikẹ́ni. A wá rí i pé tí òsì bá gbé ọ̀tún lọ́rùn ọwọ́, tí méjèèjì jọ yọ síwájú, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi kí èèyàn yẹn, ta ni yóò sì sọ pé wọ́n rí òun fín? Wọ́n lọ sí ìpàdé. Ìyàwó wọn ló wá sọ fún mi, inú wọn dùn ju ti bàbá lọ.

Ti àwọn tí apá òsì wọn rọ tún yàtọ̀. Nínú wọn ni a ti ń rí àwọn tí ọpọlọ wọn gbàgbé pé ohun kan ń jẹ́ apá òsì nínú ayé. Ojú wọn ríran, àmọ́ wọn kò kà á sí. Ẹnìkan bínú sí ìyàwó rẹ̀ tìjà tìjà pé kò bu ẹran sóúnjẹ òun. Ẹran wà níbẹ̀, apá òsì àwo ló wà. Gbogbo ìrẹsì apá ọ̀tún ti tán, ti òsì kò mì. Ìyàwó rò pé ó ń fi àìsàn yọ òun lẹ́nu ni. Mo yí àwo náà po níṣojú àwọn méjèèjì, ọkọ rí ẹran, ìyàwó sì bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí irú rẹ̀, mo máa ń pe gbogbo ilé jókòó kí n ṣàlàyé, nítorí ó lè da ìgbéyàwó rú. Lẹ́yìn náà la ó lẹ aṣọ pupa mọ́ etí òsì tábìlì, a ó sọ fún un pé kó máa wá pupa yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, àwọn tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á sì máa jókòó sí òsì.

Ayò ọlọ́pọ́n wúlò gan-an fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ní láti kó ọmọ ayò, kó dì wọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kó sì máa jọ̀wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọ̀wọ́ yẹn ló máa ń ṣòro jù fún ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú. Ojú ní láti tẹ̀ lé ọwọ́ láti ọ̀tún dé òsì. Ọpọlọ ń kà, ó ń ṣírò, ó ń dúró de ẹlòmíràn kó ta tirẹ̀. Mo ti rí ohun èlò olówó gọbọi tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó tí kò ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn. Bàbá tó sì ti rẹ̀ nígbà tí mo ní kí wọ́n máa to páànù kéékèèké léra á ta ayò títí màá fi bẹ̀ wọ́n pé kí a ṣíwọ́.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí mọ ọ̀rọ̀ èjìká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fa ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá tó rọ, yálà láti gbé e dìde ni o tàbí láti fà á sókè lórí ibùsùn. Iṣan ló di eegun apá mú sínú ihò èjìká. Tí iṣan bá ti dẹ̀, ìwúwo apá nìkan tó láti fa eegun náà wálẹ̀, ká má tíì sọ ti ọmọ tó ń fi agbára fà á. Ìrora tó máa ń tẹ̀ lé e kì í jẹ́ kí aláìsàn fẹ́ lo ọwọ́ náà mọ́. Ọ̀já tá a fi ń pọnmọ ni mo ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé láti lò: ẹ so ó mọ́ ìbàdí rẹ̀, ẹ di ọ̀já náà mú, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú, kó fi ẹsẹ̀ tì, kó dìde. Tó bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà. Tẹ́ ẹ bá ń wọ bùbá fún un, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ, òun ni kó gbẹ̀yìn jáde.

Ọ̀pọ̀ ilé ló gbà pé wọ́n ta ẹni wọn lọ́fà ni. N kì í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ènìyàn gbà gbọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru láìbo nǹkan kan, pé òun ló ń fa púpọ̀ nínú rọpárọsẹ̀, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe èyí tí à ń dá dúró tí ara bá ti yá. Mo ti bá wòlíì kan jókòó lẹ́bàá ibùsùn ọmọ ìjọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá ń gbàdúrà, kó jẹ́ kí arábìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí èyí tó le máa ran èyí tó rọ lọ́wọ́. Ó gbà. Arábìnrin náà lo apá rẹ̀ nínú àdúrà ju bó ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ mi lọ.

Mo ń tọ́jú ọmọdé náà, àwọn tí ọrùn wọn kò dúró, tí wọn kò lè jókòó. Páálí tá a gé, tá a fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele, la fi ń ṣe àga fún òmíràn, ó sì máa ń le dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wọn tó ohun tí à ń kọ fúnra rẹ̀, n kò fẹ́ fi gbólóhùn díẹ̀ kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

A kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò ní OT kankan, àwọn tá a jọ jáde ní Ifẹ̀ náà sì ti ń lọ sí Òkè Òkun. Níbi iṣẹ́ mi, a ti kọ̀wé sókè pé kí wọ́n fún wa ní yàrá kan tá a lè sọ di ilé ìdáná, kí ẹni tó fẹ́ padà máa dáná lè ti ibẹ̀ dán an wò kó tó lọ sílé. Títí wọn yóò fi dáhùn, sítóòfù kan wà lẹ́bàá fèrèsé wa, àti pákó tí káfíńtà kan ìṣó méjì gba inú rẹ̀ yọ sókè: ẹ gún iṣu mọ́ ìṣó yẹn, ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ máa fi bẹ iṣu náà tán.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń mú ènìyàn yín bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ má ra aṣọ tuntun nítorí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìró tàbí ṣòkòtò tó máa ń wọ̀ bọ̀, bàtà rẹ̀, búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, àwo tó fi ń jẹun. Ẹ ya fọ́tò ilé ìgbẹ́ yín àti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ sórí fóònù, kí n lè mọ̀ bóyá káfíńtà ní láti bá yín ṣe àga oníhò sórí ṣáláńgá. Ẹni tó ń sùn tì í nílé ni kó sì bá a wá, kì í ṣe ẹni tó ní mọ́tò nìkan, nítorí òun ni mo fẹ́ kọ́.